Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Dáàmù Dasin Hausa

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi bo títì márosẹ̀ ní Koton Karfe, nítòsí Lọ́kọ́jà. Àwọn ọkọ̀ agbépo há sójú ọ̀nà, epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n ní Àbújá, àwọn èrò tó ń lọ sí Kàbà àti Àkúrẹ́ sì ń gbé ọmọ àti ẹrù wọ ọkọ̀ ojú omi níbi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó lé ní 600 ènìyàn tí omíyalé ọdún náà pa káàkiri Nàìjíríà.

Ipa ọ̀nà odò méjèèjì tó pàdé ní Lọ́kọ́jà ló fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn. Odò Ọya ṣẹ̀ láti orí òkè ní Gínì, ó gba Málì dé Timbuktu létí aṣálẹ̀, kí ó tó ṣẹ́rí gba Niamey wọ Kébbí. Nínú àbàtà ńlá tó wà láàárín Málì, omi rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, oòrùn fa púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù sì ń rọra bọ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń wọlé kí omi òjò Gínì tó kàn wá. Dáàmù Kainji àti ti Jẹ́bà tún wà níwájú tí wọn yóò dá a dúró. Bẹ́núé kò rí irú rẹ̀. Láti òkè Adamawa ní Kamẹrúùnù ló ti ń ṣàn gba Yólà àti Màkúdí, kò sì sí dáàmù kankan lórí odò náà gan-an láti ẹnu ibodè títí dé Lọ́kọ́jà.

Dáàmù Lagdo, tí Kamẹrúùnù kọ́ sí ilẹ̀ tiwọn láàárín ọdún 1977 sí 1982, ló ń sé e lókè. A kò bá wọn wí pé wọ́n ń ṣí i nígbà tó bá kún, nítorí dáàmù tó kún tí a kò ṣí lè ya. Àwa ni ó yẹ kí a kọ́ èyí tí yóò gba omi náà ní Dasin Hausa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Fufore, ìpínlẹ̀ Adamawa. Ó ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti parí Lagdo; tiwa kò tíì sí.

Ìrẹsì àti matiràsì tí ìjọba ń pín lẹ́yìn omíyalé wúlò, ṣùgbọ́n kò dá omi dúró. Kí ìjọba àpapọ̀ fi owó dáàmù yìí sínú ìṣúná, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ fún aráàlú. Kí iṣẹ́ náà tó parí, kí ìkìlọ̀ tó ń ti Kamẹrúùnù wá máa dé abúlé etí odò lórí rédíò, ní èdè Tiv, Ígálà, Núpé, Haúsá àti Yorùbá, kí àgbẹ̀ lè ráyè wa iṣu rẹ̀ kí omi tó dé inú oko.