Blue Badge tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kò gbani lọ́wọ́ tíkẹ́ẹ̀tì

Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní òde ìnáwó: pé bí Blue Badge (báàjì tó ń jẹ́ kí aláìlera lè gbé ọkọ̀ sí ìtòsí ibi tó ń lọ) ìyá tàbí bàbá ẹni bá ti parí, kò séwu, kí ẹ ṣáà máa lò ó lọ títí tuntun á fi dé, torí kánsù (ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fúnni ní báàjì) máa ń fúnni ní oṣù kan tàbí méjì lé e. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ mọ́ kò nílò fọ́ọ̀mù kankan, pé kánsù fúnra rẹ̀ á fi tuntun ránṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn àgbàlagbà wa ló sì ń sanwó rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí iwájú báàjì ni òpin rẹ̀. Tó bá ti kọjá, kò yàtọ̀ sí pé ẹ ò gbé nǹkan kan sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́dà, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ wò, tó bá dé ìdí ọkọ̀ yín kò rí orúnkún màmá, kò sì mọ̀ pé ẹ̀ka ìtọ́jú kíndìnrín ni wọ́n wọlé lọ. Gíláàsì ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́, á wo àmì kẹ̀kẹ́ arọ tó wà lórí báàjì, á wo ọjọ́ ìparí, á wo aago páálí tó ń fi àsìkò tí ẹ dé hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn ló kàn. Pé ẹ ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò sọ ti àtijọ́ di alààyè. Ẹ lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí kánsù, wọ́n sì lè gbọ́, ṣùgbọ́n àánú nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́ yín.

Ó jọ pé ìgbà kòrónà ló fi kún agbára ìgbàgbọ́ yìí. Lọ́dún 2020, ìjọba rọ àwọn kánsù pé kí wọ́n fojú fo báàjì tí ọjọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ẹnu kò tíì yé gbé e kiri.

Ti àìsàn tí kò ní lọ mọ́ yẹn ló máa ń dùn mí jù, torí ìbéèrè gidi ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ á tún hù ni? Kí ni wọ́n tún fẹ́ mọ̀? Mo gbà pé ó ń bí èèyàn nínú. Ṣùgbọ́n àwọn olè ń jí báàjì yìí tà, àwọn mìíràn sì ń lo ti ẹni tó ti kú, ìdí nìyẹn tí kò fi sí èyí tí kò ní ọjọ́ ìparí. Ọdún mẹ́ta ló máa ń pẹ́ mọ. Kánsù lè gbà láti má ṣe àyẹ̀wò mìíràn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò ní yí padà, síbẹ̀ ẹni náà gbọ́dọ̀ béèrè fún tuntun. Àwọn kánsù kan máa ń ránni létí. Ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ẹ tún kíyè sí i pé ọdún mẹ́ta yẹn lè má pé. Bó bá jẹ́ PIP (owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún aláìlera) ni wọ́n fi gba báàjì, tí owó PIP náà sì máa dópin lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, ọjọ́ kan náà ni báàjì máa bá a parí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó ìyá wọn sí wàhálà: wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta sọ́kàn, wọn ò wo iwájú báàjì mọ́.

Ní England, bí ìbéèrè yín bá nílò àyẹ̀wò, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, báàjì tó máa parí ní oṣù kẹsàn-án, oṣù karùn-ún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. GOV.UK, ìkànnì ìjọba, ni kí ẹ lọ, kì í ṣe àwọn ìkànnì tó ń gba owó gọbọi pé àwọn máa bá yín kọ ọ́. Owó rẹ̀ kò ju £10 lọ ní England, kò ju £20 lọ ní Scotland, ọ̀fẹ́ sì ni ní Wales. Ẹ wá fọ́tò tuntun, nọ́ńbà National Insurance, ẹ̀rí àdírẹ́sì, àti lẹ́tà PIP lódindi, pàápàá ojú ewé tí wọ́n kọ máàkì tí wọ́n fúnni lórí ìrìn sí. Máàkì mẹ́jọ sókè lórí ìrìn ni kì í jẹ́ kí kánsù tún pe ẹni náà fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin ará London, ẹ̀dínwó Congestion Charge (owó tí ọkọ̀ ń san láti wọ àárín London) tí Blue Badge ń fúnni, ọ̀tọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ TfL, àjọ ìrìnnà London. Bí tuntun bá dé, ẹ lọ tún un ṣe níbẹ̀ náà.

Bí màmá kò bá mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, ọmọ lè bá wọn kọ ọ́, ẹ sì lè pe kánsù fún ìrànlọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù máa béèrè nọ́ńbà báàjì tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹ má tíì jù ú nù. Tí tuntun bá ti dé, ẹ dá ti àtijọ́ padà fún kánsù.