Ẹnu ló ń rùn, kì í ṣe ikùn

Nínú ọkọ̀ Micra tó ń ti Òjóò bọ̀ wá sí Bódìjà ni mo tún ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá àgbàlagbà kan ń gba ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì wọ́n nímọ̀ràn pé kí ó lọ mu àgbo jẹ̀dí kí ikùn rẹ̀ lè mọ́, nítorí pé inú tó dọ̀tí ni òórùn ẹnu ti ń wá. Gbogbo ọkọ̀ gbà fún wọn, awakọ̀ pàápàá ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn kì í là sílẹ̀ gbayawu. Pípadé ni ó máa ń wà lókè àti nísàlẹ̀, kì í sì í ṣí àfi tí a bá ń gbé nǹkan mì, tí a bá ń gùfẹ̀ tàbí tí a bá ń bì. Báwo wá ni òórùn ikùn ṣe ń bá ọ̀rọ̀ ẹnu jáde láti àárọ̀ dalẹ́? Ní ọdún 2009, àwọn dókítà ní ìlú Leuven, ní orílẹ̀-èdè Belgium, gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ẹni 2,000 tó wá fi ẹjọ́ ẹnu rírùn sùn. Nínú ẹni 100, nǹkan bíi 76 ni ó jẹ́ pé inú ẹnu gan-an ni òórùn náà ti ń wá. Ahọ́n tí ìdọ̀tí bò ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á, àìsàn erìgì náà sì wà níbẹ̀. Nǹkan bíi 16 ni ẹnu wọn kò tilẹ̀ rùn rárá, ìbẹ̀rù lásán ni. Àwọn tí tiwọn ń ti ibòmíràn wá, tí a bá ka imú àti ọ̀fun mọ́ ọn, kò ju bíi 4 lọ.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń gbé ní ẹ̀yìn ahọ́n àti abẹ́ erìgì. Bí wọ́n ṣe ń jẹ èérún oúnjẹ ni wọ́n ń tú gáàsì tó ní imí-ọjọ́ nínú jáde, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni èyí tó ń mú òbu ẹyin rùn. Itọ́ ló ń fọ̀ wọ́n dànù, itọ́ sì máa ń dín kù bí a bá ń sùn tàbí bí a bá ń gbààwẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ebi ló ń rùn lẹ́nu aláàwẹ̀ kò ro ti ẹnu tó gbẹ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó fi ṣíbí fá ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀ lọ́hùn-ún kí ó tó fọ ẹnu láàárọ̀, kí ó jẹ́ kí ohun funfun tó bá yọ gbẹ díẹ̀ lórí ṣíbí náà, kí ó wá gbóòórùn rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin mu àgbo títí ó fi ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹnu rẹ̀ kò sì yí padà. Ìgbà tí dókítà eyín fá ìdọ̀tí aláwọ̀ ìyeyè tó ti le mọ́ ẹ̀yìn eyín iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀, tí òun náà sì ń fá ahọ́n rẹ̀ lálaalẹ́, ni a tó lè jókòó tì í. Àwọn àgbo kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé inú ọtí líle ni wọ́n rẹ wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ ọtí líle máa ń mú kí ẹnu gbẹ.

Mo gbà pé ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn kíndìnrín lè yí èémí ènìyàn padà. Ìyẹn kò sọ àgbo jẹ̀dí di oògùn rẹ̀.

Pákò dára, orin ata ni èmi pàápàá ń rún láàárọ̀, ṣùgbọ́n eyín nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń fi í fọ̀, a kì í kan ahọ́n. Ẹni tó bá sì jẹ àmàlà àti ẹran lálẹ́, tó sùn láìfọ ẹnu, ti fi ohun tó há sáàárín eyín sílẹ̀ fún àwọn kòkòrò náà ní àkókò tí itọ́ kéré jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ní erìgì yín, ẹ má ṣe torí ìyẹn dáwọ́ fífọ eyín dúró. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn níbí, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.