Ẹgbẹ́ Adijú-jẹ-Bọ́gà

Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ya ara wọn sórí fóònù bí wọ́n ṣe ń jẹ bọ́gà, tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì, kú iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ńlá ni kí ènìyàn jí ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ó wẹ̀, kí ó lọ aṣọ, kí ó wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú, kí ó jókòó fún wákàtí méjì àti ààbọ̀ nínú sunkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland, kí ó sì jẹ́ pé ìgé bọ́gà kan ṣoṣo ni ó tìtorí rẹ̀ jáde nílé. Ìgé kan ni mo wí. Ìyókù wà nínú àwo fún eṣinṣin, nítorí pé bọ́gà kejì ń dúró dè wọ́n ní Ìkòyí, ẹ̀kẹta sì wà ní Lẹ́kí, ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣú kí wọ́n tó dá ẹjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga wa kì í yára tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi ni ó mú mi dé àárín wọn. Mo pé ọdún 68, ọmọ náà sì ní òun fẹ́ fi bọ́gà tí ó dùn jù lọ ní Èkó ṣe mí lálejò, ní ilé oúnjẹ kan ní Victoria Island tí n kò ní í dárúkọ, nítorí pé n kò ní owó lọ́yà. N kò jẹun kúrò nílé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, torí pé ẹni tí wọ́n pè wá jẹun kì í yó jáde. Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú 10 ni agbáwo gbé oúnjẹ dé. Mo wo aago mi dáadáa, ẹ ó sì rí ìdí tí mo fi wò ó láìpẹ́. Mo na ọwọ́ sí àwo, ọmọ náà sì di ọrùn ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú jáwójáwó ní Òṣòdì.

Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.”

Ó mú àtùpà kékeré kan jáde nínú báàgì. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn wà níta. Ó tan àtùpà náà sí bọ́gà lójú, ó yà á láti òkè, ó yà á láti ẹ̀gbẹ́, ó wá na gbalaja sílẹ̀ lórí táìlì láti yà á láti ìsàlẹ̀ kí ó lè dà bí ilé alájà mẹ́fà. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti jáde ní yunifásítì ni kò ti dọ̀bálẹ̀ kí mi mọ́, ó máa ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí kọ́bọ̀ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ fún bọ́gà. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ni ó ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì, tí ó gbé ìdajì kọ̀ọ̀kan sókè kí ẹran inú rẹ̀ lè kọjú sí fóònù, tí ó sì fà wọ́n ya díẹ̀díẹ̀ títí tí wàràkàsì inú rẹ̀ fi yọ̀ gọ̀lọ̀tọ̀ bí ilá tí wọ́n fi káún sè. Ó gé e jẹ. Ó rún un lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá dijú.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ojú dídì yìí, nítorí òun gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn. Ojú tí ọmọ náà dì kọjá ojú ṣíṣẹ́. Ó dì í pinpin bí ẹni tí wòlíì gbé ọwọ́ lé lórí, ó mi orí sí ọ̀tún àti sí òsì, ó na ìka kan sókè pé kí ayé ṣì dúró ná, ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mí kanlẹ̀. Mo rò pé nǹkan há a lọ́fun. Mo ti dìde láti gbá a lẹ́yìn kí n tó rí i pé ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó wà ní tábìlì kejì náà ti dijú, tí òun náà na ìka sókè. Ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọkùnrin méjì onírùngbọ̀n jókòó, wọ́n dijú síra wọn. Bí olè bá wọ ibẹ̀ wá ní ìṣẹ́jú náà, àga tí wọ́n jókòó lé nìkan ni kò ní í rí gbé.

Ní ọjọ́ ayé mi, mo mọ àwọn tí ó máa ń dijú. Ẹni tí ó ń gbàdúrà ń dijú. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gún ní abẹ́rẹ́ ń dijú. Ẹni tí ó fẹ́ gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí mì ń dijú, ó tún ń di imú mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń gé àlùbọ́sà ń dijú. Ìyàwó tuntun a máa dijú bí wọ́n bá ń ṣàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ó máa ń la ọ̀kan díẹ̀ láti wo iye tí àwọn ènìyàn ń fi sínú igbá. Níbo ni a ti wá gbọ́ pé ènìyàn ń dijú jẹun? Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ mẹ́jọ ni a máa ń yí àwo kan ká, ẹni tí ó bá sì ṣèèṣì ṣẹ́jú, ẹran rẹ̀ ti di ìtàn. Ní 1966, èmi tí mò ń kọ̀wé yìí sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì dijú bí mo ti sín, nígbà tí mo máa fi la ojú, pọ̀nmọ́ mi ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó gbé e ti di alàgbà nínú ìjọ báyìí, ó ń ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ, kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mò ń bẹnu àtẹ́ lu ohun tí n kò dán wò, mo dán an wò nílé. Mo mú ègé dòdò kan, mo dúró níwájú dígí kí n lè rí i bóyá ó bá mi lójú mu, ìgbà tí mo dijú tán ni mo tó rántí pé ẹni tí ó dijú kì í rí dígí. Mo wá pe ìyàwó mi kí ó bá mi wò ó. Ó wò mí títí, ó ní ṣé inú ni ó ń run mí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé oúnjẹ. Ó yá, ojú là. Ọmọ àbúrò mi kọjú sí fóònù, ó sì kéde pé “7.3 nínú 10” ni òun fún bọ́gà náà. Mo bi í léèrè ohun tí ó gba 2.7 yòókù lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ó ní búrẹ́dì rẹ̀ kò rọ̀ tó, pé ẹran tí wọ́n fi irin tẹ̀ mọ́ orí agbada gbígbóná yẹ kí ó jóná díẹ̀ sí i ní etí, àti pé ọbẹ̀ inú rẹ̀ “ò bá òun sọ̀rọ̀”. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ yìí ni àwa mọ̀lẹ́bí dá owó jọ fún ọdún mẹ́ta láti fi gba olùkọ́ ìṣirò fún, tí ó sì ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yege. Gbogbo ìgbà náà kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé àmì ìdá mẹ́wàá sí. Bọ́gà ni ó kọ́ ọ.

Bí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ yìí, mo tún wo aago. Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú 41. Ìgbà náà ni wọ́n yọ̀ǹda fún mi láti jẹ tèmi, tí ó ti tutù, tí wàràkàsì orí rẹ̀ ti dì bí àbẹ́là tí wọ́n pa, tí pòtétò díndín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti rọ jọwọlọ. Mo ní kí wọ́n bá mi wá fọ́ọ̀kì nítorí eyín mi tí ó kù. Agbáwo rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Dádì, ẹnìkan kì í fi fọ́ọ̀kì jẹ bọ́gà o,” bí ẹni pé ìran baba wa ni ó fi àṣà náà lélẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Kí wá ni bọ́gà fúnra rẹ̀? Láti ara Hamburg, ìlú kan ní Jámánì, ni orúkọ rẹ̀ ti wá, àwọn tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà sì ni wọ́n gbé irú ẹran lílọ̀ bẹ́ẹ̀ dání lọ. Ilé oúnjẹ kan wà ní New Haven tí wọ́n ń pè ní Louis’ Lunch, tí ó ń sọ pé láti 1900 ni òun ti ń fi ẹran sáàárín búrẹ́dì fún ẹni tí ó ń kánjú. Títí di òní, wọn kì í fún ènìyàn ní ketchup níbẹ̀, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kí ó máa lọ. Inú mi dùn sí wọn gan-an. Ní 1921, White Castle, ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní ìlú Wichita ní sẹ́ǹtì 5, èyí pẹlẹbẹ tí ẹnu lè gbé mì láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ní ọdún 1921 yìí kan náà ni ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, tí búrẹ́dì sì fi bẹ́ẹ̀ di ohun tí òṣìṣẹ́ Èkó ń mú lọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́hùn-ún àti níbí, oúnjẹ ẹni tí iṣẹ́ ń lé ni. A jẹ ẹ́ nítorí pé kò sí àyè láti jókòó. Àwọn ọmọ wa ti wá sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn ń fi odindi Sátidé jókòó tì, tí wọ́n ń tan àtùpà sí, bí òkú ọlọ́lá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn èrò láti wò.

Kì í ṣe pé àwa kò jẹ fàájì rí. Ní 1986 ni Mr Bigg’s dé, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo fi mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan lọ síbẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Mítì páì kan àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ni agbára mi ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ọmọbìnrin náà jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ìka ṣa ìwọ̀nba èyí tí ó rún sínú bébà, ó tún wo tèmi. Kò fún un ní nǹkankan nínú 10. Òun ni ìyàwó mi láti ìgbà náà.

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe ìdájọ́ ní ilé wa, ní 1994, nígbà tí mo sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé iyọ̀ inú gbẹ̀gìrì yìí dín díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o, n kò mẹ́nu kan iye kankan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi mu gààrì. Bí ó bá jẹ́ pé mo dijú, tí mo na ìka sókè, tí mo sì fún un ní 7.3, inú ìwé ìròyìn ni ẹ ò bá ti máa ka orúkọ mi, pẹ̀lú àwòrán, àti ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe àìsùn.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ adijú-jẹ-bọ́gà, n kò fi ṣeré mọ́. ₦14,500 ni wọ́n ta ẹyọ kan bọ́gà náà, méjì ni a rà, ọmọ àbúrò mi sì fi èyí tí ó ju ààbọ̀ tirẹ̀ lọ sílẹ̀ nínú àwo, nítorí pé kò fẹ́ yó kí ó tó dé Lẹ́kí. Ọmọ tí owó iná ilé rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ Ajé, tí ó ń wá sí ilé mi láti fi iná sínú fóònù tí ó fi ń ya bọ́gà! Bí mo bá tú àpò rẹ̀ wò, àtùpà ni n ó bá níbẹ̀. Èyí tí ó tún bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń sọ. Ẹ̀yin ọgọ́rùn-ún, ẹnu kan. “Ó ń yọ́ lẹ́nu.” Kí ni kì í yọ́ lẹ́nu? Ọ̀rá ni, ṣé òkúta ni ẹ rò pé yóò jẹ́? Mo sì ti ṣàkíyèsí pé ilé oúnjẹ tí ó bá gbé àwo fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ kì í gba ohun tí ó kéré sí 9 lọ́wọ́ yín, búrẹ́dì rẹ̀ ìbáà le bí ìrọ̀rí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìyá tí ó ń ta àmàlà lábẹ́ igi ní ìdúró ọkọ̀ kò rí yín bẹ̀ lọ́wẹ̀, nítorí pé owó ni ó ń gbà, kí ó tó bù ú ni ó sì ti ń gbà á.

Mo rò pé àrùn náà kò lè rékọjá afárá wá sọ́dọ̀ tiwa. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mo rìn lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà tí ó wà ní ìkóríta wa, tí mo ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí tó mọ̀ ọ́n rìn. Mo bá pátákó tuntun tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ agbada: ÀKÀRÀ BỌ́GÀ. Ó ní àwọn ọmọ méjì kan ni wọ́n wá pẹ̀lú fóònù ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, tí wọ́n jẹ ẹ́, tí wọ́n dijú, tí wọ́n sì ní kí òun yí orúkọ rẹ̀ padà. Búrẹ́dì Agége kan náà ni, àkàrà mẹ́rin kan náà ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ti fi bébà funfun wé e, ó sì ti fi igi ìtayín kan gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. ₦600 ni mo rà á ní Sọ́ńdè tí ó ṣáájú. Ó ti di ₦1,500.

Mo fún un ní ₦2,000. Mo fa igi ìtayín náà yọ, mo gé e jẹ, ojú mi là kedere. Ìyá náà gbé ṣíbí ìdínkàrà dúró lókè agbada, ó ń wò mí lẹ́nu.

Ó ní, “Bàbá, mélòó lẹ fún un nínú 10?”

Mo ní kí ó fún mi ní ṣéńjì mi.