Ẹ Ti Tún Gbé Ọ̀rọ̀ Gàárì Afọ́jú Dé

Wọ́n tún ti gbé e dé o. Fídíò kan ló ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì lórí WhatsApp: gàárì mímu ló ń fọ́jú. Láti Akẹ̀sán títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí wọ́n ti ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, kálukú ló ní àlàyé tiẹ̀. Ọ̀kan ní ṣúgà ni. Èkejì ní omi tútù ni. Òmíràn ní torí wọn ò fi epo pupa sí i ni. Kò sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ lò nínú àpò.

Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti yanjú. Sáyánáìdì, ìyẹn oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́, so mọ́ irú ṣúgà kan. Ohun tó ń tú u sílẹ̀ wà nínú ẹ̀gẹ́ yẹn náà, àmọ́ wọn ò sí lójú kan. Ìgbà tí a bá rin ín ni wọ́n ń pàdé. Ìdí nìyẹn tí páànù ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ mú. Tójú rẹ̀ bá ti kú, kókó-kókó ni yóò máa jáde, oró á sì kù sínú kókó. Kó wá lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú àpò, kí a fi jáàkì fún omi rẹ̀ (ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ mu omi yẹn). Èyí tó kù á di afẹ́fẹ́, torí sáyánáìdì ń hó ní ìwọ̀n 26 Celsius, oòrùn ọ̀sán Ọ̀yọ́ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di ajọ̀, ó di agbada, kí a máa rò ó títí yóò fi gbẹ. Tí omi inú rẹ̀ bá ju 12 nínú 100, ó máa bu. Codex, àjọ tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo àgbáyé, ò fàyè gba sáyánáìdì tó ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò gàárì kan.

Ẹni tó rin ín láàárọ̀, tó dín in nírọ̀lẹ́ torí ọjà ń yá, òun ló yẹ ká bá wí. Ẹni tó ń se ẹ̀gẹ́ kíkorò lódidi ńkọ́? Iná á ti pa ohun tí ì bá tú oró sílẹ̀, oró á sì jókòó síbẹ̀. Ta ni yóò fi ìyẹn ṣe fídíò? Kò láríyànjiyàn nínú, kò dùn-ún sọ. "Wọ́n ní" ló dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ óò ní àwọn bàbá wa mu gàárì tójú wọn sì dá ṣáká, mo ti gbọ́.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni ti Ẹ̀pẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn yẹ àwọn kan wò níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tójú àtetí àwọn mìíràn sì ń lọ. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ṣáá. Oró rẹ̀ ni Ọ̀ṣuntókun ní ó fa àìsàn náà. Nígbà tó yá, àwọn oníṣègùn mìíràn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n ní ẹ̀rí ò ti sáyánáìdì lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. N kò wá lè búra pé irọ́ gbáà làwọn onífídíò ń pa, bó ti wù mí tó láti búra.