Ẹ má yọ tàmósítàtì dànù mọ́: òun kọ́ ló ń mú mọ́tò yín gbóná

Bí ẹ bá gbé mọ́tò tó ń gbóná dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti Tákíè títí dé ọ̀nà Ìlọrin, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn máa bi yín ni pé, "Ṣé wọ́n ti yọ tàmósítàtì ẹ̀?" Ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì sí rédíétọ̀ ni tàmósítàtì. Ẹ ò tíì dáhùn tí wọ́n á ti mú sípánà. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e kò yí padà láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́: "Òyìnbó ló nílò ẹ̀, torí yìnyín. Ilẹ̀ tiwa gbóná." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, mo sì yọ ọ́ nínú mọ́tò àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti wá mọ̀ pé mo ṣe àwọn mọ́tò yẹn níbi, ó sì ń dùn mí. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ tiwa gbóná" yẹn wò ná. Ní oṣù kẹta, tí oòrùn bá ń ta èèyàn lórí, afẹ́fẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lè tó 36°C tàbí 37°C. Ẹ́ńjìnnì ní tiẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ àfi tí omi inú rẹ̀ bá sún mọ́ 90°C. Oòrùn wa ò lè gbé e dé ibẹ̀ láé. Iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e dé ibẹ̀, tàmósítàtì ló sì ń jẹ́ kó tètè dé, kó má sì tutù jù lẹ́yìn náà. Ilẹ̀kùn ni: tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á tì, tó bá gbóná tó, á ṣí, omi á gba ibẹ̀ kọjá lọ fẹ́ atẹ́gùn nínú rédíétọ̀.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó ṣe ohun tí mo máa ń ṣe lójú àwọn oníbàárà mi. Mo ní ìkòkò kékeré kan àti sítóòfù ní ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń fi èékánná ṣí ẹnu tàmósítàtì náà díẹ̀, màá fi òwú ìránṣọ há a lẹ́nu, màá wá fi òwú yẹn gbé e kọ́ sínú omi. Omi á máa gbóná bọ̀, ooru á máa rú, ìfóófòó wẹẹrẹ á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Omi ò ní tíì hó rárá tí ẹ máa gbọ́ tí nǹkan dún kó: ẹnu ti là, òwú ti bọ́, tàmósítàtì ti wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i, 82 lára òmíràn, 88 lára òmíràn. Ìwọ̀n ooru tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ni. Nígbà tí omi bá fi máa hó, ẹnu rẹ̀ á ti là tó mìlímítà 8. Tí ẹ bá fi ṣíbí gbé e jáde, á rọra padé lójú yín. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Ìda yẹn máa ń yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Kò lo wáyà, kò lo bátìrì.

Èyí tó bá wà ní títì tí omi fi hó gidigidi, ó ti kú nìyẹn. Irú ẹ̀ máa ń mú mọ́tò gbóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tuntun ni à ń fi rọ́pò ẹ̀. A kì í fi ojú ihò sílẹ̀ lásán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá burú jù rèé. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ tó kún ìgboro wa, tàmósítàtì ní ojú méjì. Bí ti òkè bá ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ni ti ìsàlẹ̀ ń dí ọ̀nà kékeré kan tí omi ń gbà yípo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ̀bùrú yẹn wà ní ṣíṣí títí. Apá kan omi gbígbóná á kàn gba ẹ̀bùrú padà sínú ẹ́ńjìnnì láìfojú kan rédíétọ̀. Ohun tí ẹ yọ kí mọ́tò lè tutù, òun ló wá ń mú un gbóná lórí ìrìn. Ìwé àtúnṣe Toyota fún irú ẹ́ńjìnnì yẹn pàápàá sọ pé ká má yọ ọ́, bí ẹ́ńjìnnì náà tiẹ̀ ń gbóná.

Mọ́tò míì wà tó máa ń tutù lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Èyí ló ń tan àwa mẹkáníìkì jẹ. Rédíétọ̀ ti dí, omi tó ń kọjá ti kéré. Tí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn, ó lè kọjá díẹ̀ sí i, gééjì á wálẹ̀. Àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni, títí ọjọ́ tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, á fi jó. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó láàárọ̀ ọyẹ́, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò á máa rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á máa da epo bẹntiróòlù sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Epo yẹn á máa ṣàn wọ inú ọ́ìlì, á jẹ́ kó máa ṣàn bí omi.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ bi mọ́tò náà ní ìbéèrè kan: ìgbà wo ló ń gbóná? Tó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan, tó sì ń tutù tí ẹ bá ti sáré, ẹ wo fáànù. Ẹ gbé e fún rewáyà. Tó bá jẹ́ orí eré àti òkè ló ti ń gbóná, ẹ wo rédíétọ̀, wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù àti họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ bóyá ó ń fún pọ̀. Tí omi bá ń hó bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí i ní kété tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì tó tutù, gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ má fojú kéré ìdérí rédíétọ̀. Èyí tí wọ́n kọ 0.9 sí máa ń há pírẹ́ṣọ̀, agbára tí omi gbígbóná fi ń tì síta, mọ́lẹ̀ débi pé omi lásán ò ní hó àfi tó bá tó nǹkan bíi 118°C. Tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gán, 100°C péré, omi ti ń hó dànù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná. Mo ní àpá kan ní apá òsì mi tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan ń fi Camry 1999 kó èrò láti ibí lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n ti yọ tàmósítàtì rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n ti ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ọmọ mi, owó tí mo ti ná lórí ẹ̀, n ò lè kà á." Orí eré ló ti máa ń gbóná. Mo tú iwájú ẹ̀. Láàárín rédíétọ̀ àti ti éésì, eruku, ìyẹ́ adìyẹ, koríko àti kòkòrò ti dì pọ̀ bí ẹní. Mo fi omi fọ̀ ọ́ láti inú síta. Nígbà tí mo da omi inú ẹ́ńjìnnì, pupa ló ń jáde bí omi osùn, ìpẹtà ni, nítorí omi kànga ló ti ń bù sí i láti ọdún yìí wá. A fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́, a fi tàmósítàtì 82 tuntun sí i, a da kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì, sí i.

Lọ́sẹ̀ kejì ó yà ní ṣọ́ọ̀bù, gééjì wà ní àárín gbùngbùn. Ó ní kí n wá wo bọ́ọ̀tù. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 tó máa ń gbé kiri ti kúrò níbẹ̀, àpò gàrí ló wà ní àyè ẹ̀.