Ta ló ní òyìnbó ló kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Lárúbáwá ní iṣẹ́ ìlú?

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa, pé owó epo rọ̀bì ni ìjọba ilẹ̀ Lárúbáwá fi ń ṣe ohun gbogbo fún ará ìlú, àti pé bí a bá rí ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìlú láìgba kọ́bọ̀, àjọ òyìnbó kan ló kọ́ ọ. Dubai àti Qatar tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn wá lójoojúmọ́ ló bí èrò yìí. Ṣùgbọ́n Sudan, Yemen, Jọ́dánì àti Mòrókò náà wà lára ilẹ̀ Lárúbáwá, owó epo kò sì gbọ́ bùkátà ará ìlú wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Sudan. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní nafeer: bí ìkórè bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, tàbí bí ó bá fẹ́ kọ́lé, yóò ké sí àdúgbò, wọn yóò sì jáde sí i. Ẹni tó bá mọ ọ̀wẹ̀ kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí omíyalé ba ilé jẹ́ ní Khartoum, olú ìlú Sudan, lóṣù Kẹjọ ọdún 2013, Nafeer gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ tó kó ara wọn jọ láti ran àwọn tí ilé wọn wó lọ́wọ́ sọ ẹgbẹ́ wọn. Orí tẹlifóònù àti Facebook ni wọ́n ti ń gba ìpè. Ohun èlò nìkan ló yí padà.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ogun ìjọba Sudan àti ẹgbẹ́ ológun RSF ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023, tí púpọ̀ nínú àwọn àjọ àgbáyé kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn jáde, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló dá Yàrá Ìdáhùn Pàjáwìrì (Emergency Response Rooms) sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wá oògùn, wọ́n ń ran àwọn tó ń sá fógun lọ́wọ́, wọ́n sì ń dáná fún àdúgbò: ìkòkò ńlá lórí iná, ẹ̀wà tàbí lẹ́ńtìlì nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé tòun ti abọ́ àti ike lọ́wọ́ wọn lórí ìlà. Takiyya ni wọ́n ń pe ilé ìdáná bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ àwọn Súfí, ẹgbẹ́ kan nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí wọ́n ti ń bọ́ aláìní àti àlejò tipẹ́tipẹ́. (Ẹ rántí pé inú èdè Lárúbáwá ni a ti mú sàárà tí àwa náà ń ṣe.)

Ẹnì kan lè sọ pé, owó wọn ńkọ́, ṣé kì í ṣe láti òkè òkun ni? Òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ló ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó náà ló ń ti ọwọ́ àwọn ọmọ Sudan fúnra wọn wá, àwọn tó wà lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí áàpù báǹkì kan tí wọ́n ń pè ní Bankak. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì kú lóṣù Kejì ọdún 2024, àwọn ilé ìdáná kan ní Khartoum kò rí owó ra oúnjẹ mọ́.

Kì í sì í ṣe ìgbà ìṣòro nìkan ni irú iṣẹ́ àjọṣe báyìí ń wáyé. Ní àwọn abúlé orí òkè Atlas ní Mòrókò, touiza ni wọ́n ń pe iṣẹ́ àjọṣe tí wọ́n fi ń gbẹ́ ojú omi sínú oko, tí wọ́n sì fi ń tún ọ̀nà ṣe.

Ní tèmi, bí nǹkan kan bá ń dí àwọn ọ̀dọ́ yìí lọ́wọ́, kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́, ìfura àwọn alágbára ni. Lọ́dún 2025, wọ́n fi ẹ̀bùn Rafto ti ilẹ̀ Norway àti ẹ̀bùn Right Livelihood ti ilẹ̀ Sweden dá àwọn Yàrá Ìdáhùn Pàjáwìrì Sudan lọ́lá. Síbẹ̀ ìhà méjèèjì tó ń jagun ló ti mú lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáná yìí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ọ̀tá ni wọ́n ń bá ṣe.