Ogún Bàbá Ẹlòmíì Kọ́ Ló Máa Kó Gọ́tà Ìlọrin

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá tó ń bójú tó kíkó gọ́tà ní Ìlọrin sọ jáde lọ́jọ́ Túsìdeè, a rò pé ó máa padà wá sọ pé wọn ò gbọ́ òun yé ni, àmọ́ ńṣe ló tún ń tẹnu mọ́ ọn. Ó ní àwọn ò ní kó gọ́tà mọ́ títí dìgbà táwọn bá rí ọmọ olówó tó máa gbówó kalẹ̀, irú David de Rothschild.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti Rothschild ọ̀hún. London ni wọ́n bí i sí ní 1978, ìdílé oníbáǹkì, ó ń ná owó sórí ọ̀rọ̀ àyíká lóòótọ́. Ní 2010, òun àtàwọn atukọ̀ ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Plastiki, nǹkan bíi 12,500 ike tí wọ́n ti lò tì ló gbé e léfòó, San Francisco ni wọ́n ti gbéra lóṣù kẹta, wọ́n dé Sydney lóṣù keje. Ẹni tó lè jókòó jẹ ogún tó wá lọ ń sùn sórí òkun lóṣù mẹ́rin, a kí i. Ohun tó fi ń han ayé ni pé ike tá a jù nù ṣì wúlò. Kò ní kí ìjọba kankan káwọ́ gbera.

Èyí tá a ti ń sọ tipẹ́ la tún fẹ́ sọ: ẹrẹ̀ àti náílọ̀n piọ wọ́tà tí wọ́n bá kó jáde, kí wọ́n má fi sílẹ̀ sétí gọ́tà! Ẹ dé Ọjà Ọba, ẹ dé Táíwò, òkìtì ẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn, àwọn ọmọdé ń gorí ẹ̀, òjò kan péré, gbogbo ẹ̀ á tún rọ́ padà sínú gọ́tà, omi á wá máa bá ìyá aláta nídìí àtẹ, wọ́n á tún gbé iṣẹ́ jáde, wọ́n á tún sanwó, owó ẹ̀ẹ̀mejì lórí ẹrẹ̀ kan náà. Ṣé ọmọ olówó ló máa wá sọ fún wọn pé kí típà máa tẹ̀ lé àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó o ni?

Wọ́n ní ẹni tó gbójú lógún fi ara ẹ̀ fún òṣì ta (ogún bàbá tiẹ̀ nìyẹn o, ká má tíì sọ ti bàbá ẹlòmíì).

Bí ọmọ olówó kan bá dé lọ́la, kó wá bá wa ra ẹ̀rọ tó ń lọ ike, a máa dúpẹ́. Ti gọ́tà, owó orí wa ló wà fún un. Òjò ti ṣú. Ọ̀gá, típà dà?